ÌṢẸ́JÚ MÉLÒÓ NI A Ó FI KA ÌWÉ YÌÍ?

  

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sínú ìwé ìròyìn iléèwé wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti nahwu, kì í sì í ṣe ti fíkíhì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan méjèèjì kí a tó parí. Ó dá lórí ohun kékeré kan tí ó ti wọ inú fóònù àti kọ̀ǹpútà yín, tí púpọ̀ nínú yín sì ti ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láì bi í léèrè ibi tí ó ti rí ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àròkọ kan lórí fóònù, ẹ ó rí i nígbà mìíràn pé wọ́n ti kọ ọ́ sí abẹ́ àkọlé rẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni kíkà rẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú méjìlá. Kò sí ènìyàn kankan tí ó jókòó ka àròkọ náà tí ó sì ń wo aago. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni ó díwọ̀n rẹ̀.

Bí ó ti ń ṣe é kò ní awo nínú. Ètò náà yóò ka iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó ń pè ní ọ̀rọ̀ ni ohunkóhun tí ó bá wà láàárín àlàfo méjì. Lẹ́yìn náà, yóò fi iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ fún un pé ènìyàn lè kà ní ìṣẹ́jú kan pín àpapọ̀ náà. Ká ní ọ̀rọ̀ 1,000 ni ó wà nínú ìwé kan, tí ẹni tí ó ṣe ètò náà sì ti fi 200 ṣe òṣùwọ̀n, yóò sọ pé ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá jẹ́ pé 250 ni ó fi síbẹ̀, ìwé kan náà yóò di ti ìṣẹ́jú 4. Ìwé kò yí padà, ẹni tí yóò kà á kò yí padà, kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni ó yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí kóńgò ìyá kan lọ́jà ṣe lè yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó jókòó tì í.

Àwọn kan fi ọgbọ́n díẹ̀ kún un. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Medium, níbi tí àwọn ònkọ̀wé ti ń gbé àròkọ sí fún gbogbo ayé láti kà, ń lo 265 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àwòrán bá wà nínú àròkọ, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá 12 kún un fún àwòrán àkọ́kọ́, 11 fún èkejì, wọ́n á sì máa dín in kù bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ìṣẹ́jú àáyá 3. Wọ́n ronú nípa àwòrán. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá wọ́n ronú nípa tiwa náà.

Níbo ni irú òṣùwọ̀n yìí ti wá? Ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Marc Brysbaert, kó ìwádìí 190 jọ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe nípa bí ènìyàn ṣe ń yára kàwé sí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Ó rí i pé àgbàlagbà tí ó ń fi ojú ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì láì la ẹnu a máa ka bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan, bí ìwé náà kì í bá ṣe ìtàn àròsọ. Bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, 260. Bí ó bá ń kà á síta, 183. Kí ó tó ṣe iṣẹ́ yìí, 300 ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dárúkọ, ó sì fi hàn pé ìyẹn pọ̀ jù. Iṣẹ́ gidi ni ọkùnrin yìí ṣe, a kò sì ní àríwísí kankan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn náà kà. Àgbàlagbà ni. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó gbé ìwé Lárúbáwá dání lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé wa kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 2012, ṣáájú ìyẹn, Susanne Trauzettel-Klosinski àti Klaus Dietz ti Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì ti tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde. Àwọn àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àkàwé kan náà kalẹ̀ ní èdè 17, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ojú wọn ríran dáadáa kà á síta, kálukú ní èdè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì ka ọ̀rọ̀ 228 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará Finland ka 161. Àwọn tí wọ́n ka Lárúbáwá ka 138.

Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn Lárúbáwá ni? Ẹ mú kálámù yín, kí ẹ kọ wasayaktubunaha sílẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá: wọn yóò sì kọ ọ́. Ó di ọ̀rọ̀ márùn-ún. Wáwù tí ó wà níwájú ni “sì”, síìnì ni “yóò”, yaktubuna ni “wọn” àti “kọ”, ha tí ó kẹ́yìn ni “ọ́”. Bí a bá fún ètò kọ̀ǹpútà ní méjèèjì, yóò sọ pé ti Yorùbá gùn ní ìlọ́po márùn-ún ju ti Lárúbáwá lọ. Ẹnu tí ó pè é mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé bí a bá ka sílébù, méje ni ti Lárúbáwá, mẹ́fà ni ti Yorùbá.

Nítorí náà, ètò tí ó ń fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wọn Lárúbáwá dà bí ẹni tí ó ń ka àpò láì wo ohun tí ó wà nínú àpò. Kódà nígbà tí àwọn ará Tübingen ka lẹ́tà dípò ọ̀rọ̀, wọn kò bá ara wọn dọ́gba: lẹ́tà 612 ni àwọn tí ń ka Lárúbáwá kà ní ìṣẹ́jú kan, 987 sì ni ti àwọn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti kúrò ní ìdí wàláà yóò tètè mọ apá kan nínú ìdí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ fáwẹ́lì rẹ̀ sílẹ̀. Lárúbáwá a máa fi fat'ha, kasra àti damma rẹ̀ pa mọ́ sínú orí òǹkàwé.

Ti Yorùbá wa ńkọ́? Kò sí nínú èdè 17 yẹn. Ohun tí ojú ń rí pọ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn ètò wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ẹni tí ó ṣe wọ́n kò rántí ju lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí irú rẹ̀ bá dé ibi lẹ́tà tí ó ní àmì ohùn lórí, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ó lè ka “Yorùbá” sí ọ̀rọ̀ méjì: “Yor” ni ọ̀kan, “b” ni èkejì. Bí a bá sì yọ àmì kúrò kí ètò má baà ṣìnà, òǹkàwé ni yóò ṣìnà. Ẹni tí ó bá rí “igba” láìsí àmì, ṣé igba tí í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì ni, àbí ìgbà tí ó kọjá, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Yóò ní láti lọ sí iwájú díẹ̀ kí ó tó padà wá mọ bí yóò ṣe pè é. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn, ètò kò kà á mọ́ àkókò.

Ọ̀rọ̀ lílọ àti bíbọ̀ yìí ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ yìí kì bá tí jáde bí kì í bá ṣe àṣìṣe tiwa.

Ní sáà kẹta ọdún 2023, a mú àròkọ Lárúbáwá kan lórí ogún pípín lọ sí kíláàsì Thanawi kejì. Orí fóònù ni a ti rí i, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá fún wọn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ bí 1,900, ètò sì ti kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 8 ni. A ní kí a ṣàánú àwọn ọmọ, a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, a fún wọn ní ìṣẹ́jú 16 láti kà á kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí àkókò pé, àwọn ọmọ méjì péré ni wọ́n sọ pé àwọn ti parí. Ọmọkùnrin kan wà tí kò tíì kúrò ní ojú ewé kejì. A bá a wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tí a ń kọ ìwé èsì ránṣẹ́ sí àwọn òbí, a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tirẹ̀ pé ó lọ́ra púpọ̀, kò sì jọ ẹni tí yóò lè bá kíláàsì kẹta lọ.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá ọmọ náà ń ṣe. Ó wá bá wa ní ọjọ́ kejì tí iléèwé gba ìsinmi. Kò bínú, kò sì jiyàn. Ó kàn ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òdodo fún mi. Ṣé kí n tètè mú un wá sídìí iṣẹ́ ọwọ́ kí ọjọ́ tó lọ?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A bẹ̀ ẹ́ kí ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta.

A ránṣẹ́ pe ọmọ náà, a gbé àròkọ kan náà sí iwájú rẹ̀, a ní kí ó kà á síta fún wa. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n kọ wáwù, ráà àti thá'ù sí láìsí àmì lórí, ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka sarfu mọ̀ pé ó lè jẹ́ waritha, ìyẹn ni pé ó jogún. Ó lè jẹ́ wuritha, ìyẹn ni pé wọ́n jogún rẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ warratha, ìyẹn ni pé ó sọ ẹlòmíràn di ajogún. Ọmọ náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fi ìka wá ẹni tí ó kú nínú gbólóhùn náà àti àwọn tí ó fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó la ẹnu: wuritha. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí.

A wá pe ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ parí, a ní kí òun náà kà á. Waritha ni ó pe ibẹ̀, ó sì kọjá lọ fìà. A yẹ ìdáhùn tí ó kọ lọ́jọ́ náà wò. Ó ti pín dúkìá náà dáadáa, gbogbo ènìyàn gba tirẹ̀, òkú náà sì gba ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ó fi sílẹ̀. A kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ yìí ni a gbé máàkì fún ní ọjọ́ tí a bá èkejì wí.

Bí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí kò ní àmì ṣe rí nìyí. Nínú ìwé tí fáwẹ́lì rẹ̀ hàn, ojú yóò rí i, ẹnu yóò pè é, ọkàn yóò sì gbọ́ ọ. Nínú ìwé tí fáwẹ́lì rẹ̀ pa mọ́, ọkàn ní láti gbọ́ ọ ná kí ẹnu tó lè pè é. Nahwu, sarfu àti ìtumọ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Bí a bá tilẹ̀ mú 138 tí í ṣe ti àwọn tí wọ́n ń ka èdè abínibí wọn, ọ̀rọ̀ 1,900 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 14 lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní dá ìbéèrè kankan lóhùn. Àwa fún ọmọ Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ èdè náà ní iléèwé ní 16, a sì ń pè é ní àánú.

A kọ ìwé èsì náà ní ọ̀tun, a sì mú un lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tí ó ti ń mọ ilé. Ọmọ náà wọ kíláàsì kẹta pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò di ẹni tí ń yára lójijì. Ó ṣì ń lọ́ra, ìdánwò ìjọba kò sì mọ ẹni tí ń ronú yàtọ̀ sí ẹni tí ń sùn, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìwé láti kà sí i nílé, kí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń mú un dúró lè mọ́ ọn lójú. Ìyẹn ni oògùn rẹ̀. Ìbáwí kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò yìí lọ síbi Al-Kùráánì Alápọ̀nlé báyìí, nítorí pé àwọn aṣáájú wa ti ń ka iye ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ìtàn sọ pé Hajjaj ọmọ Yusuf, gómìnà ilẹ̀ Iraaki ní ayé àwọn Umawiyyah, ẹni tí ó kú ní ọdún 714 ti Mílíádì, kó àwọn tí wọ́n há Al-Kùráánì àti àwọn òǹkàwé jọ, ó ní kí wọ́n ka iye lẹ́tà inú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí ìdajì rẹ̀ bọ́ sí. Nínú àwọn Al-Kùráánì kan títí di òní, ẹ ó rí i pé wọ́n sàmì sí walyatalattaf nínú Suratul-Kahf, pé ibẹ̀ ni ìdajì. Iye tí wọ́n mú wá kò dọ́gba, nítorí pé àwọn kan ń ka ohun tí a kọ, àwọn kan ń ka ohun tí a pè. Ní ti ọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ata ọmọ Yasar ni 77,439. Ohun tí ó wù wá níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ pín in sí ọgbọọgba, lẹ́tà ni wọ́n dì mú, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ èkejì. Ẹ rántí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan náà ni Ànábì fi ṣírò ẹ̀san ẹni tí ó bá kà á, nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá.

Wàyí o, ẹ fi 30 pín 77,439. Ọ̀rọ̀ tí yóò bọ́ sí júsúù kan jẹ́ bí 2,581. Ẹ fi 238 ti ètò kọ̀ǹpútà pín ìyẹn. Ìṣẹ́jú 11 ni! Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn imáàmù rí níbi àṣàmù mọ̀ pé kò sí imáàmù kankan tí ó ń ka júsúù kan ní ìṣẹ́jú 11 tí a lè pe ohun tí ó ń ṣe ní kíkà. Hadr ni kíkà tí ó yára jù nínú èyí tí àwọn onítajwid fi ọwọ́ sí, tadwir wà láàárín, tahqiq ni ti ẹni tí ń kọ́ni. Ẹni tí ó bá ń lo hadr tí ẹnu rẹ̀ sì mọ́ yóò lo bí ìdajì wákàtí lórí júsúù kan. Ẹni tí ó bá ń lo tahqiq lè lo ju wákàtí kan lọ. Mùsùháfù kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ wo Alif Lam Mim tí ó bẹ̀rẹ̀ Suratul-Baqarah. Lójú ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ni, lẹ́tà mẹ́ta, kò tó ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́nu ẹni tí ó mọ tajwid, harakat mẹ́fà ni yóò fi fa lam, mẹ́fà ni yóò fi fa mim. Àwọn olùkọ́ wa kò ní aago nígbà náà, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ wa, tí wọ́n ń ká a tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹ bí madd ṣe ń lọ. Ìka yẹn mọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà kò mọ̀, pé ibi tí lẹ́tà kéré sí lè jẹ́ ibi tí àkókò pọ̀ sí.

Bí ẹ bá sì fi gbogbo Al-Kùráánì lé ètò yìí lọ́wọ́, yóò sọ pé wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 25 ni. Ànábì wa ní kí Abdullah ọmọ Amr máa parí rẹ̀ ní oṣù kan. Nígbà tí ó ní òun lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń dín in kù fún un títí ó fi di ọjọ́ méje. Nínú èyí tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá parí rẹ̀ láì pé ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbọ́ ọ yé. Òṣùwọ̀n tí Ànábì fi lélẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi bí ojú ṣe lè sáré tó. Ibi àgbọ́yé ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ ju ètò yìí nù. Ó ní ibi tí ó ti wúlò. Bí a bá gbé àròkọ méjì síwájú yín ní èdè kan náà, ó lè sọ èyí tí ó gùn jù fún yín, kí ẹ mọ èyí tí ẹ ó kà kí wọ́n tó pe ìrun àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ tí a bá yàn láti sọ̀rọ̀ níbi wòlímọ̀ náà lè fi wo bóyá ọ̀rọ̀ wọn ti gùn ju ìṣẹ́jú tí a fún wọn lọ. Kí wọ́n sáà rántí pé ètò kò mọ̀ pé àwọn òbí yóò dìde wá lẹ owó mọ́ ọmọ níwájú, àti pé àwọn ìyá yóò ké kábíyèsí ní àárín gbólóhùn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí kálukú yín wá òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ kò tíì kà rí, kí ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìlà mẹ́ta, kí ẹ wá agbedeméjì rẹ̀, kí ẹ sì fi iye ìlà ojú ewé sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ ka ojú ewé kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kà fún ẹnìkan ní Yorùbá. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ojú ewé yẹn kò wọ ìṣirò, ẹ padà lọ kà á, kí àkókò ìkejì sì wọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n Lárúbáwá tí ó ní àmì wọn èyí tí kò ní, ẹ má sì ṣe fi ti Gẹ̀ẹ́sì wọn Yorùbá. Ti Al-Kùráánì tí ẹ ń há sórí wà lọ́tọ̀ pátápátá, olùkọ́ yín ni yóò bá yín díwọ̀n ìyẹn.

Ká ní ojú ewé kan ní ìlà 15, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ 9, ọ̀rọ̀ 135 ni. Bí ọmọ kan bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí rẹ̀ tí ó sì yé e, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni 45. Ìwé olójú ewé 80 yóò ní ọ̀rọ̀ 10,800. Ètò kọ̀ǹpútà yóò sọ fún un pé ìṣẹ́jú 45 ni, yóò sì rò pé alẹ́ tí ó ṣáájú ìdánwò ti tó. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ yóò sọ pé wákàtí mẹ́rin ni, ìyẹn ni ìdajì wákàtí ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń sunkún ní àárọ̀ ìdánwò, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣirò méjèèjì yìí ni wọ́n ń sunkún sí.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí àròkọ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí, nítorí ti èdè Yorùbá yín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó bí 2,500, ètò náà yóò sì sọ pé kò pé ìṣẹ́jú 11. Ẹ kọ iye tí ẹ̀yin lò gan-an sí etí ojú ewé yìí, kí ẹ sì mú un wá fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé.